Ọ̀ṣọ́ Orin Lórí Dùùrù: Bí A Ṣe Ń Kọ́ Ọ àti Ibi Tó Yẹ Ẹ́ Nínú Ìsìn

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejì ọdún 1706, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ìjọ ní ìlú Arnstadt ní ilẹ̀ Jámánì ránṣẹ́ pe ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tẹ dùùrù fún wọn. Ọmọ ogún ọdún ni. Ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lọ́rùn ju ẹyọ kan lọ. Wọ́n ní ó gba àyè ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láti lọ gbọ́ àgbà atẹ-dùùrù kan ní ìlú Lübeck, ṣùgbọ́n nǹkan bí oṣù mẹ́rin ló lò kó tó padà dé. Wọ́n tún ní orin tó ń tẹ̀ tẹ́lẹ̀ máa ń gùn jù, àti pé nígbà tí wọ́n bá a sọ ọ́, ó mú un kúrú ju bó ti yẹ lọ. Ẹ̀sùn tó kan ọ̀rọ̀ wa lónìí ni pé ó ń fi oríṣiríṣi àrà àti àwọn ohùn àjèjì kún orin ìsìn, débi pé ọkàn ìjọ dàrú.

Orúkọ ọ̀dọ́mọkùnrin náà ni Johann Sebastian Bach. Orúkọ yìí kò ṣàjèjì sí àwọn akọrin wa, nítorí pé títí di òní olónìí, agbára káká ni ẹnikẹ́ni fi lè kọ́ dùùrù délẹ̀ láìbá iṣẹ́ rẹ̀ pàdé. Ìgbìmọ̀ Arnstadt kò sọ pé kò mọ iṣẹ́. Ohun tó ń dùn wọ́n ni pé ìjọ kò rí orin náà tẹ̀ lé mọ́.

Bí ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ tó yìí, kò tíì kúrò láàárín wa. Ọ̀dọ́ kan nínú ìjọ yóò kọ́ bí a ṣe ń gbọn ìka lórí dùùrù. Nígbà tí ọjọ́ Ìsinmi bá dé, yóò gbọn ọ́n sí ìparí gbogbo ìlà orin. Àwọn ẹgbẹ́ akọrin yóò máa wo ojú ara wọn. Àwọn ìyá àgbà tó mọ orin náà láti kékeré yóò dákẹ́, nítorí wọn kò mọ ìgbà tí wọ́n yóò wọlé. Lẹ́yìn ìsìn, àwọn kan á ní, “Ọmọ yìí mọ dùùrù tẹ̀ o!” Àwọn mìíràn á ní kí wọ́n má ṣe jẹ́ kó tẹ̀ ẹ́ mọ́. Nínú àròyé méjèèjì, ó ṣeé ṣe kí a má rí ẹni tó jókòó ti ọ̀dọ́ náà, tó sì ṣàlàyé fún un ohun tí ọ̀ṣọ́ orin jẹ́, bí a ṣe ń kọ́ ọ, àti ibi tó yẹ kó wà. Ìdí nìyí tí a fi kọ àpilẹ̀kọ yìí.

KÍ NI Ọ̀ṢỌ́ ORIN?

Ọ̀ṣọ́ orin ni àwọn nóòtì kéékèèké tí a máa ń fi ṣe ojúlówó nóòtì lọ́ṣọ̀ọ́. A lè fi wé iṣẹ́ ọnà tí a máa ń ṣe sí ọrùn agbádá. Agbádá tí kò ní iṣẹ́ ọnà lọ́rùn, agbádá náà ni. A lè wọ̀ ọ́ jáde. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọnà tí kò rí agbádá jókòó lé, òwú lásán ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀ṣọ́ orin rí. Ohùn orin ni aṣọ náà. Bí a bá yọ gbogbo ọ̀ṣọ́ kúrò, ohùn orin gbọ́dọ̀ lè dá dúró.

Èé ṣe tí àwọn àgbà olórin ilẹ̀ Yúróòpù fi lo ọ̀ṣọ́ tó bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún sẹ́yìn? Ara ìdáhùn náà wà nínú irú dùùrù tí wọ́n ní. Kí pianó tó gbilẹ̀, dùùrù olókùn tí wọ́n ń pè ní harpsichord ló wà nínú ilé àwọn tó rí owó rà á. Bí a bá tẹ ọ̀kan nínú àwọn kíì rẹ̀, ohun ẹlẹ́nu ṣóńṣó kékeré kan á ta okùn rẹ̀, bí ìgbà tí a bá fi èékánná ta okùn gìtá. Ohùn náà á jáde, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi máa kú lọ. Yàtọ̀ sí èyí, bí a tẹ kíì náà líle tàbí bí a tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, ìró rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Nítorí náà, bí olórin bá fẹ́ kí nóòtì kan pẹ́ létí, tàbí kí ó yọ ju àwọn tó kù lọ, yóò fi nóòtì kéékèèké yí i ká.

Ní nǹkan bí ọdún 1700 ni Bartolomeo Cristofori, ní ìlú Florence ní ilẹ̀ Ítálì, ṣe dùùrù tó ń fi òòlù kékeré lu okùn dípò kó máa ta á. Òun ni ìpilẹ̀ṣẹ̀ pianó tí a mọ̀ lónìí. Pianó lè ké líle, ó sì lè ké jẹ́jẹ́, gẹ́gẹ́ bí ìka bá ti tẹ̀ ẹ́. Síbẹ̀ ọ̀ṣọ́ orin kò parẹ́, nítorí pé etí ènìyàn ti fẹ́ràn rẹ̀. Ti dùùrù onípáìpù inú ṣọ́ọ̀ṣì tún yàtọ̀: ohùn rẹ̀ kì í kú níwọ̀n ìgbà tí ìka bá ṣì wà lórí kíì, ṣùgbọ́n ìka kò lè mú nóòtì kan ké ju èkejì lọ. Iṣẹ́ tí ọ̀ṣọ́ ń ṣe níbẹ̀ ni láti fi ìtẹnumọ́ sí nóòtì tó ṣe pàtàkì. A rí i báyìí pé iṣẹ́ ni wọ́n dá ọ̀ṣọ́ sílẹ̀ fún, kì í ṣe àṣehàn.

ỌṢỌ́ MÁRÙN-ÚN TÓ YẸ KÍ A KỌ́KỌ́ MỌ̀

Nítorí pé ọ̀pọ̀ akọrin wa ló mọ tonic sol-fa ju ìlà orin lọ, sol-fa ni a ó fi ṣàlàyé. Ẹ jẹ́ kí a mú “so” ní ojúlówó nóòtì wa. “La” ló wà lókè rẹ̀, “fa” ló sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Nínú àwọn mẹ́ta yìí ni gbogbo ọ̀ṣọ́ márùn-ún ti jáde.

Èkíní ni ọ̀ṣọ́ ìfaratì, tí wọ́n ń pè ní appoggiatura. Ọ̀rọ̀ èdè Ítálì tó túmọ̀ sí “fara ti” ni wọ́n ti fa orúkọ rẹ̀ yọ. Nóòtì kékeré kan ni a máa ń kọ sí iwájú ojúlówó nóòtì. A ó tẹ “la” ní àkókò gan-an tó yẹ kí a tẹ “so”, a ó jẹ́ kó fara tì í, lẹ́yìn náà ni a ó sọ̀ kalẹ̀ sórí “so”. Nínú orin ọ̀rúndún kejìdínlógún, òfin tí àwọn olùkọ́ ìgbà náà fi lélẹ̀ ni pé nóòtì kékeré yìí á gba ìdajì àkókò ojúlówó nóòtì. Bí ojúlówó nóòtì bá ní àmì tóótó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á gba ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ìfaratì lè wá láti òkè, ó sì lè wá láti ìsàlẹ̀. Bí ẹni tó mí kanlẹ̀ ló máa ń dún létí.

Èkejì ni acciaccatura. Ó fara jọ ti àkọ́kọ́ lójú, ṣùgbọ́n a máa ń fa ìlà kékeré kọjá lára igi nóòtì rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ wá láti inú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí “tẹ̀ fọ́”. Kì í gba àkókò kankan tí a lè kà. Ìka kàn án báyìí, ó ti kúrò níbẹ̀, ojúlówó nóòtì ti dé. Ẹni tó bá ń fa èyí gùn bí ìfaratì ti yí ìtumọ̀ orin náà padà.

Ẹ̀kẹta ni mordent. “Bù jẹ” ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti mú un, ó sì ń bu nóòtì jẹ lóòótọ́: so-fa-so, kíákíá, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àmì rẹ̀ rí bí eyín ayùn kékeré tí ìlà òòró kan gé láàárín. Bí kò bá sí ìlà òòró yẹn, òkè ni a ó lọ dípò ìsàlẹ̀. Nínú orin ìgbà tó tẹ̀ lé ti Bach, so-la-so ni a sábà máa ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ kíyè sí ìlà òòró náà dáadáa, nítorí òun ló ń sọ ọ̀nà tí ìka yóò gbà.

Ẹ̀kẹrin ni turn, ìyẹn ọ̀ṣọ́ ìyíká. Àmì rẹ̀ dà bí lẹ́tà S tó dùbúlẹ̀. Bí ó bá wà lórí nóòtì gan-an, la-so-fa-so ni a ó tẹ̀. Bí àmì náà bá wà láàárín nóòtì méjì, a ó kọ́kọ́ jẹ́ kí nóòtì àkọ́kọ́ dún, ìgbà tó bá kù díẹ̀ kí a lọ sí èkejì ni a ó tó yí i ká.

Ẹ̀karùn-ún ni trill, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ wa fẹ́ràn jù. “Tr” ni wọ́n sábà máa ń kọ sórí rẹ̀, tàbí ìlà tó ń gbọ̀n bí omi. Nóòtì méjì ló ń pààrọ̀ ara wọn léraléra: la-so-la-so-la-so. Nínú orin Bach àti ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, nóòtì òkè ni a fi ń bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1828, Johann Nepomuk Hummel kọ sínú ìwé ẹ̀kọ́ pianó rẹ̀ pé ojúlówó nóòtì ni kí a máa fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà yìí ló sì wá gbilẹ̀ lẹ́yìn náà. Nítorí náà, kí a tó fi ìka kan trill, ó yẹ kí a béèrè pé: ta ló kọ orin yìí, ìgbà wo ló sì kọ ọ́?

Ìkìlọ̀ kan ṣe pàtàkì níbí. Nóòtì òkè àti ti ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ wá láti inú sol-fa orin náà. Bí orin bá wà ní D, tí a sì fẹ́ gbọn “re”, E ni “re” wa. “Mi” tó wà lókè rẹ̀ sì jẹ́ F sharp, tó jẹ́ kíì dúdú. Ẹni tó bá kàn fi ojú wá kíì tó wà nítòsí yóò tẹ F funfun, orin náà yóò sì yapa. Ẹni tó bá ń fi etí kọ sol-fa bó ti ń tẹ̀ kò ní ṣe irú àṣìṣe yẹn.

ÌWÉ TÍ BÀBÁ ṢE FÚN ỌMỌ

Lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlá tí wọ́n bá a wí ní Arnstadt, Bach ti di bàbá ọmọ. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kìíní ọdún 1720, ní ìlú Köthen, ó bẹ̀rẹ̀ ìwé kékeré kan fún àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin, Wilhelm Friedemann, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà, ó ya àtẹ kan tó ṣàlàyé àwọn ọ̀ṣọ́ orin: lókè, àmì ọ̀ṣọ́ kọ̀ọ̀kan, nísàlẹ̀ rẹ̀, gbogbo nóòtì tí àmì náà dúró fún. Irú àtẹ bẹ́ẹ̀ ti wà ṣáájú rẹ̀. Jean-Henri d’Anglebert, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti tẹ tirẹ̀ jáde ní ọdún 1689, Bach sì mọ iṣẹ́ náà dáadáa. Ọmọ Bach mìíràn, Carl Philipp Emanuel, wá kọ odindi ìwé lórí bí a ṣe ń tẹ dùùrù. Apá kìíní jáde ní ọdún 1753, ọ̀rọ̀ lórí ọ̀ṣọ́ sì gba ibi tó pọ̀ nínú rẹ̀. Ó kìlọ̀ níbẹ̀ pé kí a má ṣe lo ọ̀ṣọ́ ní àlòjù.

Ẹ̀kọ́ tó wà nínú àtẹ kékeré tí bàbá ya fún ọmọ yìí ni pé gbogbo ọ̀ṣọ́ ló ní iye nóòtì tirẹ̀, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, àti ibi tó parí sí. A lè kọ ọ́ sílẹ̀, a lè kà á, a sì lè kọ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ẹni tó ń gbọn ìka láìmọ iye nóòtì tó ń tẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́.

BÍ A ṢE LÈ KỌ́ Ọ NÍ ÌGBÉSẸ̀-ÌGBÉSẸ̀

Àkọ́kọ́, ẹ tẹ orin náà láìsí ọ̀ṣọ́ kankan. Ẹ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi dán mọ́rán, tí ọwọ́ òsì àti ọwọ́ ọ̀tún yóò fi mọ ojú ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń fo ìgbésẹ̀ yìí. Wọ́n á fẹ́ kọ́ orin àti ọ̀ṣọ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọn kò sì ní mọ èyí tó ń dí wọn lọ́wọ́ nínú méjèèjì.

Èkejì, ẹ fi ẹnu kọ ọ̀ṣọ́ náà kí ìka tó kàn án. Ẹ kọ ọ́ ní sol-fa, díẹ̀díẹ̀: la-so-fa-so. Ohun tí etí kò bá tíì gbọ́, ìka kò lè rí i ṣe dáadáa.

Ẹ̀kẹta, ẹ yan ìka. Bí a bá pe àtàǹpàkò ní 1, tí a sì kà á títí dé ọmọńdinrín tó jẹ́ 5, ìka 3 àti 2 ló máa ń rọrùn jù fún trill ọwọ́ ọ̀tún. Bí “so” bá wà lábẹ́ 2, “la” á wà lábẹ́ 3. Àwọn mìíràn fẹ́ràn 3 àti 1. Fún ìyíká, 4-3-2-3 dára. Fún mordent, 3-2-3. Ẹ kọ nọ́ńbà ìka náà sórí ìwé orin pẹ̀lú pẹ́ńsùlù, ẹ má sì yí i padà lójoojúmọ́.

Ẹ̀kẹrin, ẹ kà á. Èyí ni ọkàn ẹ̀kọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ òsì máa tẹ nóòtì kan fún kíkà kọ̀ọ̀kan: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Lórí ení, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ nóòtì mẹ́rin péré: la-so-la-so. Kí wọ́n gún régé. Kí “la” àkọ́kọ́ bọ́ sórí ení gan-an, pa pọ̀ mọ́ ọwọ́ òsì, kó má ṣe ṣáájú rẹ̀. Nígbà tí èyí bá ti rọrùn, ẹ sọ ọ́ di mẹ́fà, lẹ́yìn náà, mẹ́jọ, láìmú ọwọ́ òsì yára. Bí ẹ bá fẹ́ kí trill náà parí dáadáa, ẹ fi fa-so sí ìdí rẹ̀: la-so-la-so-fa-so. Ẹni tó bá ní metronome, ìyẹn aago tó ń ka ìlù orin, kó lò ó. Ẹni tí kò bá ní, kó máa fi ẹsẹ̀ kàn ilẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ jẹ́ kí apá àti ọrùn ọwọ́ rọ̀. Bí ọrùn ọwọ́ bá le bí igi, trill á máa kọsẹ̀, ọwọ́ á sì máa dun ẹni. Bí ẹ bá ti rí i pé ọwọ́ ń le, ẹ dín ìyára kù. Kì í ṣe agbára ni a fi ń gbọn ìka, ìtúraká ni. Ìka kò gbọ́dọ̀ gbéra sókè jù lórí kíì.

Ẹ tún mọ irú dùùrù tí ẹ ń lò. Kíì ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù oníná fúyẹ́ gan-an, trill á sì máa yára lórí rẹ̀. Ẹni tó bá fi irú rẹ̀ kọ́ nìkan á rí i pé ìka òun kò lágbára tó bó bá dé ìdí pianó gidi, nítorí kíì pianó wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kó má ṣe bẹ̀rù; kó padà sórí nóòtì mẹ́rin, kó sì tún un bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Orin wo ni a lè fi bẹ̀rẹ̀? Sonata ní C tí Mozart parí ní ọdún 1788, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ K. 545, dára fún trill. Mozart fúnra rẹ̀ pè é ní orin fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Nínú ìpín kẹrin rẹ̀, trill kékeré kan wà lórí “fa” kí orin tó sọ̀ sórí “mi”. Invention àkọ́kọ́ Bach, tó wà ní C bákan náà, dára fún mordent. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójoojúmọ́ sàn ju wákàtí méjì ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé lọ.

NÍGBÀ TÍ ORIN BÁ JẸ́ TI ÈDÈ YORÙBÁ

Ohun kan wà tí ìgbìmọ̀ Arnstadt kò ní láti ronú lé lórí, àmọ́ tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Èdè wa jẹ́ èdè olóhùn. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ kì í ṣe ohun kan náà. Re-re ni ọkọ ìyàwó. Re-mi ni ọkọ́ tí a fi ń roko. Re-do ni ọkọ̀ tí a ń wọ̀. Do-do ni ọ̀kọ̀ tí a fi ń jagun. Ohùn nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ẹ wá wo ohun tí ọ̀ṣọ́ lè ṣe níbẹ̀. Ká ní orin kan pe “ọkọ” ní re-re, tí atẹ-dùùrù sì fi ìfaratì láti òkè sórí ìró kejì, tó fà á dé ìdajì àkókò. Ohun tí akọrin yóò gbọ́, tí yóò sì fẹ́ tẹ̀ lé, ni re-mi, kí ó tó sọ̀ padà. Ọkọ ìyàwó ti fẹ́ẹ̀ di ọkọ́ ìroko nìyẹn! Acciaccatura tàbí mordent kò fi bẹ́ẹ̀ léwu, nítorí wọn kì í pẹ́ kí wọ́n tó padà sílé. Ìfaratì tó gùn ni kí a ṣọ́ra fún.

Ṣùgbọ́n ọ̀ṣọ́ tún lè bá èdè wa rẹ́. Ẹ pe “Jésù”, kí ẹ sì tẹ́tí sí ìró kejì: láti òkè ni ohùn ti ń yọ̀ wá sílẹ̀. Ẹ pe “ìwé”: ohùn ń gùn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Nítorí náà, ìfaratì láti òkè yóò dùn lórí “sù” nínú “Jésù”, ìfaratì láti ìsàlẹ̀ yóò sì dùn lórí “wé” nínú “ìwé”, nítorí ohun tí ẹnu ń ṣe gan-an ni ìka ń ṣe. Ẹ jẹ́ kí ohùn ọ̀rọ̀ máa darí ìka.

Àwọn àgbà wa ti ronú jinlẹ̀ lórí ọ̀ràn ohùn yìí. T. K. Ẹkúndayọ̀ Phillips, tó jẹ́ ọ̀gá orin ní Cathedral Church of Christ ní ìlú Èkó láti ọdún 1914 títí di ọdún 1962, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ kí orin ìsìn Yorùbá lè máa bá ohùn ọ̀rọ̀ mu, ó sì tẹ ìwé jáde lórí orin Yorùbá ní ọdún 1953. Lábẹ́ rẹ̀ ni Fẹlá Ṣówándé ti kọrin nígbà tó wà lọ́mọdé. Nígbà tí Ṣówándé dàgbà, ó mú ohùn orin ilẹ̀ wa, ó sì fi àrà bí àrà gbé e ka orí dùùrù onípáìpù nínú àwọn iṣẹ́ bí “Oyigiyigi” àti “Obangiji”. Orin tí dùùrù ń dá sọ ni àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí. Níbẹ̀, ìjọ ń gbọ́ ni, kì í kọ ọ́. Nítorí náà, ìka lè ṣe àrà tó bá wù ú láìdá ẹnikẹ́ni dúró.

IBI TÓ YẸ Ẹ́ NÍNÚ ÌSÌN

Àpẹẹrẹ yẹn là á yé wa. Ẹni tó ń dá dùùrù tẹ̀ kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí a ń gba ọrẹ, tàbí nígbà tí ìjọ ń jáde, ní ààyè láti lo ọ̀ṣọ́ tó kọ́. Nígbà tí ìjọ bá ń kọrin, iṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀. Òun ni ọ̀pá tí ìjọ fi ń rìn. Ìlànà díẹ̀ nìyí:

Ní ẹsẹ àkọ́kọ́ orin èyíkéyìí, ẹ tẹ ohùn orin bó ṣe wà. Ìgbà yẹn ni ìjọ ń mú ohùn. Bí orin náà bá ṣàjèjì, ẹ tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ dé ìparí.

Ẹ má ṣe fi ọ̀ṣọ́ sí ìparí ìlà tí ìjọ yóò ti mí. Trill tó bá gùn níbẹ̀ yóò jẹ àkókò èémí wọn, apá kan ìjọ yóò wọlé, apá kan yóò sì dúró.

Bí ẹ bá fẹ́ lo ọ̀ṣọ́, ẹ fi sí ohùn àárín tàbí sí àlàfo láàárín ẹsẹ méjì, kí ohùn òkè tí ìjọ ń tẹ̀ lé má bàa yẹ̀. Ọ̀kan tàbí méjì nínú odindi orin ti tó.

Nínú orin ìrònúpìwàdà, nígbà ìsìnkú, àti nígbà oúnjẹ alẹ́ Olúwa, ẹ jẹ́ kí orin rìn ní ìrọ̀rùn. Ìfaratì kan ṣoṣo lè sọ ohun tí ogún trill kò lè sọ.

Ìwé Mímọ́ kò dákẹ́ lórí ọ̀ràn yìí. Nínú 1 Kọ́ríńtì 14:7 àti 8, Àpọ́sítélì Pọ́ọ̀lù fi fèrè, dùùrù àti ìpè ṣe àpẹẹrẹ pé bí ìró wọn kò bá yàtọ̀ síra, kò sí ẹni tí yóò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Nínú Sáàmù 33:3 ẹ̀wẹ̀, a gba àwọn olórin níyànjú láti lo ohun èlò orin pẹ̀lú ìmọ̀ iṣẹ́. Ẹsẹ méjèèjì kò tako ara wọn. Ìmọ̀ iṣẹ́ tó péye ni èyí tó jẹ́ kí ìró yé ìjọ.

Ọ̀RỌ̀ SÍ Ẹ̀YIN OLÙṢỌ́ ÀGÙNTÀN

Ẹ̀yin bàbá wa nínú Olúwa, bí ọ̀dọ́ kan nínú ìjọ yín bá ń fi ọ̀ṣọ́ da orin rú, ẹ bá a wí, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe lé e. Ẹ wá ẹni tó lè kọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kó rí dùùrù lò láàárín ọ̀sẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ Ìsinmi nìkan. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún ṣáájú ìsìn láti tẹ orin tí òun nìkan yóò tẹ̀, kí ohun tó wà nínú rẹ̀ lè rí ọ̀nà jáde níbi tí kò ti ní di ìjọ lọ́wọ́.

Ìgbìmọ̀ Arnstadt bá Bach wí, ṣùgbọ́n wọn kò gba dùùrù lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ní 1707, ni òun fúnra rẹ̀ kúrò lọ sí ìlú Mühlhausen. Ó fi èyí tó pọ̀ nínú ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ orin fún ìjọ Ọlọ́run, ó sì máa ń kọ lẹ́tà mẹ́ta sí ìparí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀: S.D.G., ìkékúrú ọ̀rọ̀ èdè Látìn tó túmọ̀ sí pé Ọlọ́run nìkan ni ògo yẹ. Ọ̀dọ́ tí ìjọ rẹ̀ sọ ní ọdún 1706 pé ó ń dá àwọn láàmú ni gbogbo àgbáyé ń kọ orin rẹ̀ lónìí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ atẹ-dùùrù, ẹ kọ́ ọ̀ṣọ́, ẹ sì kọ́ ọ délẹ̀: nóòtì mẹ́rin, lórí kíkà, pẹ̀lú ọwọ́ tó rọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ́ bí a ṣe ń fi í pamọ́ títí àsìkò rẹ̀ yóò fi tó. Bí ìyá àgbà tó jókòó lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì bá lè kọ orin náà láti ẹsẹ kìíní dé èyí tó kẹ́yìn láìkọsẹ̀, ẹ ti ṣe iṣẹ́ yín. Kí Olúwa fún wa ní ọgbọ́n, kó sì bù kún iṣẹ́ ọwọ́ wa nínú ilé rẹ̀. Àmín.